Kí ẹ tó fọ́n irúgbìn bùrọ́kólì l'Ékìtì

Ní ìparí oṣù kẹjọ tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi lóko láti Ọ̀yẹ́. Ó ti kọ ebè sílẹ̀, ó ti ra ìgbẹ́ adìẹ, irúgbìn wà nínú àpò rẹ̀, ó sì fẹ́ gbìn ín lọ́jọ́ kejì. Mo bi í pé, "Irú bùrọ́kólì wo ni?" Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu. Ó ní, "Bùrọ́kólì ṣáà ni, mà."

Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn ní ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ yẹn gba ọdún kan ààbọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gba owó tó yẹ kí n fi tún òrùlé ilé ìdáná mi ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó má gbìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rò ó pé àwọn mìíràn wà tí wọn kò mọ ọ̀nà oko mi. Torí tiwọn ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Oúnjẹ òde ni mò ń sè l'Ádó-Èkìtì, ó ti lé lọ́dún méjìlá. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn tó ń ṣègbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bùrọ́kólì sínú ìrẹsì díndín àti ọbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ tí wọ́n ń gbé fún àlejò. Jos ni tiwa ti ń wá. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sókè òkun, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, bùrọ́kólì sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn. Kó tó dé Adó, ó ti lo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nínú ọkọ̀, tí mo bá sì tú àpò, ìdajì rẹ̀ á ti pọ́n bí ìyeyè. Mo ti san owó rẹ̀ tán nìyẹn.

A ní ilẹ̀ àkùrọ̀ kan lọ́nà Ìlawẹ̀. Omi kì í gbẹ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata ni ìyá mi máa ń gbìn síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Èmi náà rò pé ilẹ̀ tó bá gba tẹ̀tẹ̀ kò ní kọ bùrọ́kólì. Ilẹ̀ náà kò kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ìgbà tí mo gbìn ín ló kọ̀ ọ́.

Oṣù kìíní ọdún 2021 ni mo fọ́n irúgbìn àkọ́kọ́ sínú abọ́ ike pẹlẹbẹ. Ọjọ́ karùn-ún ló hù, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Àwọn tó yẹ kó bá mi ro ilẹ̀ kò wá. Òde mẹ́ta tẹ̀léra, mi ò ráyè. Mo ń bomi rin wọ́n lẹ́yìn ilé, mo ń sọ pé bó pẹ́ bó yá wọ́n á dóko. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò nínú abọ́ yẹn. Igi wọn tín-ín-rín, ewé ìsàlẹ̀ ti ń pọ́n, gbòǹgbò wọn ti wé mọ́ ara wọn bí òwú. Mo wá kó wọn lọ lọ́ sóko ní àárín oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Ekìtì ń jó ni lẹ́sẹ̀ nínú bàtà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, gbogbo wọn yọ orí. Orí tí mò ń wí yìí kò ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ. Mo da ajílẹ̀ sí i, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, mo rò pé yóò tóbi. Ní ọjọ́ kẹrin, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè ti bo gbogbo rẹ̀, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, tó ti ń gbin iṣu láti kékeré rẹ̀, wá wò ó. Kò bú mi. Ó fa ọ̀kan tu, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí o gbìn yìí ti gbó sínú abọ́ kó tó dóko." Mo jókòó sẹ́bàá ebè yẹn, mo sunkún.

Ohun tí kò yé mi nígbà náà ni pé òdòdó ni a ń jẹ nínú bùrọ́kólì. Ìbátan kábéèjì ni, ṣùgbọ́n ewé ni kábéèjì ń ká jọ. Òdòdó tí kò tíì là ni bùrọ́kólì ń kó jọ sórí. Nígbà tí ìyà bá jẹ ẹ́ ní kékeré, tí àyè há mọ́ gbòǹgbò rẹ̀, tí ebi ń pa á, tí ooru sì mú, ó máa ń yára yọ òdòdó kó lè so èso kó tó kú. Kò ní dúró de ìgbà tí ewé rẹ̀ bá pọ̀ tó láti bọ́ orí ńlá. Ajílẹ̀ kankan kò lè dá a padà lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó pẹ́ tán márùn-ún, ló yẹ kó lò nínú abọ́. Nígbà tó bá ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún gidi, ẹ kó o lọ sóko. Bí ilẹ̀ yín kò bá tíì sí ní ríro, ẹ má fọ́n irúgbìn. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ parí.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìlú Ọba gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, àánú mi ṣe é, ó fi páálí irúgbìn mẹ́ta ránṣẹ́. Níbẹ̀ ni àṣìṣe kejì ti wọlé. Ẹ̀bùn ni, mo gbà á tìfẹ́tìfẹ́, mi ò sì ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí. Mo fọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù kẹfà.

Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní purple sprouting. Èyí kì í yọ orí ńlá kan; ọ̀mùnú wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò ló máa ń yọ káàkiri ara rẹ̀. Ó dàgbà lọ́wọ́ mi! Ó ga dé àyà mi, ewé rẹ̀ gbòòrò, ẹni tó bá ń kọjá á dúró wò ó. Oṣù kẹsàn-án kọjá, ó ń hu ewé. Ọdún yí, ewé ni. Mo ń tọ́jú rẹ̀ lọ, mo ń pa kòkòrò ara rẹ̀, mo ń sanwó fún ẹni tó ń bomi rin ín. Oṣù kẹta ni mo tó ka ẹ̀yìn páálí náà dáadáa: ní ìlú wọn, oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni wọ́n ń fọ́n ọn, á wà nínú oko la gbogbo ìgbà òtútù já, oṣù kejì sí ìkẹrin ọdún kejì ni wọ́n tó ń ká a. Òtútù ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń sọ fún un pé àkókò tó láti yọ òdòdó. Òtútù bẹ́ẹ̀ kò sí l'Ékìtì, ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè pàápàá tó wà láàrin òkè. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ohun tí kò lè dé. Mo fà á tu fúnra mi.

Èkejì ni Romanesco, èyí tí orí rẹ̀ máa ń rí ṣóńṣó ṣóńṣó bí òkìtì kéékèèké tí wọ́n tò lé ara wọn. Òun náà fẹ́ òtútù, ó sì máa ń pẹ́ lóko. Nínú ogún tí mo gbìn, méjì ló yọ orí, ó tú yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́. N kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Calabrese. Orúkọ rẹ̀ wá láti Calabria, ní gúúsù Ítálì. Ìdílé yìí ni ti ọjà wa ti wá, èyí tí ó ń yọ orí ńlá kan ṣoṣo láàrin, tí yóò sì tún yọ kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tí a bá gé orí náà. Kò nílò òtútù ọ̀sẹ̀ gígùn kó tó yọ òdòdó. Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí ojú ọjọ́ rọ̀ nígbà tó bá ń ṣe orí: ìwọ̀n 15 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ló wù ú jù. Tí ooru bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ púpọ̀, orí náà kì í dọ́gba, ewé á máa yọ láàrin rẹ̀, èèhù rẹ̀, ìyẹn àwọn òdòdó wẹ́wẹ́ tí kò tíì là, kì í dì mọ́ra, àwọn mìíràn á sì pọ́n kí wọ́n tó tóbi. Mo rí bí ogójì orí gé lára Calabrese yẹn, wọn kò ju ìkúùkù mi lọ. Ṣùgbọ́n orí ni wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ooru, mo so ó mọ́ igi lábẹ́ ibòji nínú àkùrọ̀. Ohun tí mo rà yìí kò wọ́n, ó sì wúlò fún mi ju gbogbo oògùn tí mo ti rà lọ. Ní oṣù kejì àti ìkẹta, ó máa ń kọ 34, nígbà mìíràn 35 lọ́sàn-án. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, aago mẹ́fà àárọ̀ máa ń kọ 17 tàbí 18. Ọ̀sán ṣì máa ń gbóná, èyí ni kí ẹ má gbàgbé, ọyẹ́ wa kì í ṣe òtútù Jos. Ṣùgbọ́n òru gígùn tó tutù yẹn ń ṣe bùrọ́kólì lóore. Oṣù keje àti ìkẹjọ ni ìgbà kejì tí nǹkan máa ń rọ̀, torí pé ìkùukùu bo oòrùn; ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 28.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ni mo ti ń ka ọjọ́ bọ̀. N kì í bi ara mi pé ìgbà wo ni n óò gbìn. Ìgbà wo ni mo fẹ́ kí orí yọ? Láti àárín oṣù kejìlá títí dé ìparí oṣù kìíní. Ọjọ́ mélòó ni irú èyí ń lò lóko? Mo yọ ọ́. Mo tún yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti inú abọ́. Ibi tí mo bá bá ara mi, ọjọ́ náà ni mo ń fọ́n irúgbìn.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ tó wà lára páálí fi ṣe pàtàkì. Green Magic tí mò ń gbìn nísinsìnyí máa ń lò tó ọgọ́ta ọjọ́ lóko, ó sì máa ń fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2022, mo fọ́n ọn ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, mo kó o lọ sóko ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, mo gé orí àkọ́kọ́ ní ọjọ́ kejì Bóksìn Déè. De Cicco, ìran àtijọ́ láti Ítálì, ń yára jù ú lọ. Orí àárín rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í sinmi, èèyàn lè máa gé kéékèèké fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìyẹn lè dúró di ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá. Waltham 29, tí wọ́n mú jáde ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Ámẹ́ríkà, máa ń pẹ́ tó ọgọ́rin ọjọ́ lóko, nítorí náà àárín oṣù kẹsàn-án ni tirẹ̀. Orúkọ kan náà, bùrọ́kólì, ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń tà á.

Fífọ́n in ní oṣù kẹsàn-án ní ìṣòro tirẹ̀, torí pé òjò wa máa ń pọ̀ nígbà náà. Orí tábìlì lábẹ́ páànù ni mo ń gbé abọ́ sí, tí oòrùn àárọ̀ fi lè kàn án. Ní ọdún yẹn kan náà, ìdá kan nínú mẹ́ta irúgbìn mi ṣubú lóru kan, ìdí igi wọn rà lójú erùpẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi èékánná gé wọn. Omi ló pọ̀ jù. Láti ìgbà náà, àárọ̀ nìkan ni mò ń bomi rin wọ́n, n kì í sì ṣe é bí ojú erùpẹ̀ kò bá tíì gbẹ.

Nínú oko, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń lọ́ wọn, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀ láàrin ọ̀kan sí èkejì. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù méjì ni mò ń lò, èyí tó ṣì ń gbóná máa ń jó gbòǹgbò. Mo máa ń fi koríko gbígbẹ bo ojú ebè nípọn. Bàbá Kékeré ló kọ́ mi, bí wọ́n ṣe ń dé ebè iṣu ni. Ẹ kì ọwọ́ bọ abẹ́ koríko yẹn lọ́sàn-án, ẹ óò rí i pé ilẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ máa ń fa omi lára ewé kíákíá, nítorí náà ẹnikẹ́ni tí kò bá ní odò tàbí kànga nítòsí kó má bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kòkòrò. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́: àwọn ló ń gba ìdajì agbára mi. Àfòpiná kékeré eléérú kan ló máa ń yé ẹyin sábẹ́ ewé, ọmọ rẹ̀ á sì máa jẹ ewé lọ́nà tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan á fi kù. Ìyẹn ṣì sàn. Òmíràn máa ń wọ ọ̀mùnú àárín lọ, á jẹ ẹ́ tán nínú, tí bùrọ́kólì á fi dúró láìní ojú tí yóò fi yọ orí. Ẹni tí kò bá yẹ àárín ọ̀gbìn rẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò ní mọ̀ títí di oṣù kejì tó ti wà lóko. Àwọn oògùn líle tí mo fín lọ́dún àkọ́kọ́ kò pa wọ́n bí mo ṣe rò, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ fún àlejò. Ohun tó gbà mí ni àwọ̀n apẹ̀fọn. Mo rán wọn pọ̀, mo gbé e lé ọparun tí mo tẹ̀ kọrọdọ lórí ebè, mo fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ́ wọn gan-an. Ọjọ́ kejì ti pẹ́ jù. Mo tún máa ń fi omi èso dóńgóyárò tí a gún fín in ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀.

Àṣìṣe tó dùn mí jù nínú ọdún 2022 yẹn kì í ṣe ti kòkòrò. Orí àkọ́kọ́ yọ, ó dára, ó dì, ó tó ọwọ́ mi méjì. Mo ní kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ Sátidé kó lè tóbi bíi ti Jos. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Èèhù rẹ̀ tú, òdòdó là, mo pàdánù ogún orí tó dára. Nígbà tí èèhù rẹ̀ bá ṣì dì mọ́ra gírígírí ni kí ẹ gé e, bó ti wù kó kéré tó. Kò ní tóbi mọ́, yóò kàn là ni. Àárọ̀ kùtù, kí ìrì tó gbẹ, ni mo ń gé, inú kúlà oníyìnyín ló sì ń lọ tààrà. Nínú ooru ilé wa, kò ju ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ kó tó máa pọ́n.

Ní ọdún 2023, mo gbìyànjú ìgbà kejì tí mo sọ, ti ìkùukùu. Mo fọ́n De Cicco ní àárín oṣù karùn-ún, mo sì ń gé e nínú oṣù kẹjọ. Orí rẹ̀ kéré, mo tà á fún àwọn ilé oúnjẹ méjì l'Ádó, owó rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ebè mẹ́rin níbẹ̀ ni mo ti gbin kábéèjì lọ́dún tó ṣáájú. Etí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní igun mẹ́ta, iṣan ewé náà sì dúdú. Àrùn ìjẹrà dúdú ni, ó ń gbé nínú ìdọ̀tí kábéèjì tó kù nílẹ̀, òjò sì ń ta á láti ewé dé ewé. Mo fa gbogbo ebè mẹ́rin tu, mo sun ún. Ọdún mẹ́ta ni mo fẹ́ fi tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo gbé ibẹ̀ kí ìbátan kábéèjì kankan tó padà síbẹ̀.

Ọdún yẹn náà ni ẹnì kan ta irúgbìn tó pè ní bùrọ́kólì fún mi, tí kábéèjì hù níbẹ̀. Ẹ kò lè fi ojú dá wọn mọ̀: róbótó ni méjèèjì, dúdú fẹ́ẹ́rẹ́, wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Èyí tí wọ́n tú sínú ọ̀rá láìní orúkọ, n kì í rà á mọ́. Èyí tó sì ní orúkọ, mo máa ń wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, mo máa ń fi ogún hóró sínú aṣọ tútù fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí èyí tó hù kò bá tó mẹ́rìndínlógún, mo mọ iye tí n óò fi kún un.

Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń fọ́n Green Magic, ọjọ́ mẹ́wàá láàrin wọn, kí gbogbo orí má baà dé lọ́jọ́ kan. Abọ́ àkọ́kọ́ ti wà lórí tábìlì. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, ìlà àkọ́kọ́ ti fọ́ erùpẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ náà pè mí lánàá. Ó ní òun ti rí orúkọ tó wà lára páálí náà, lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́ nísàlẹ̀, De Cicco ni. Mo ní kó jẹ́ ká jọ kà á. Ó ń ka oṣù náà sẹ́yìn lórí fóònù, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi ìka ka ọjọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá, mà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó sì lọ ra àwọ̀n apẹ̀fọn kí ọjọ́ náà tó pé.